Mónkì Tí Ó Wá Ìṣẹ̀dá Ayé Nínú Ìṣirò: Ìgbésí Ayé Guido Grandi



Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, bí mo ti ń bọ́ aṣọ Mísà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí ń ṣe ìránṣẹ́ níbi pẹpẹ fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rín wà ní ẹnu rẹ̀, bí ẹ̀rín ẹni tí ó dẹ pàkúté sílẹ̀ tí ó sì ń wo ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀. Ìṣirò kan ni ó kọ sínú ìwé náà. Orí òfo ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni. Nígbà tí a ó sì fi dé ìsàlẹ̀, òfo náà ti di odindi ọ̀kan. Ó ní kí n bá òun wá ibi tí àṣìṣe náà wà.

Mo bá a rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìṣirò náà kì í ṣe àlejò lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé tí ń ṣeré ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Mónkì kan ni, àlùfáà Ìjọ Mímọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Kò sì fi ṣe àwàdà rárá. Ó rò pé òun rí ihò kékeré kan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè gbà yọjú wo bí Ọlọ́run ti dá ayé láti inú àìsí. Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí kò ṣeé fi ṣeré sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Guido Grandi ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1671 ní ìlú Cremona, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì. Guido kì í ṣe orúkọ tí a fi ṣe ìrìbọmi fún un. Orúkọ tí ó gbà nígbà tí ó wọ ilé àwọn mónkì ni. Lọ́dọ̀ àwọn Jésúìtì ní ìlú rẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Giovanni Saccheri, ọ̀dọ́mọkùnrin Jésúìtì tí òun náà yóò di olókìkí nínú ìmọ̀ ìṣirò lọ́jọ́ iwájú. Ní ọdún 1733, Saccheri tẹ ìwé kan jáde láti wẹ àbàwọ́n gbogbo kúrò lára ẹ̀kọ́ Euclid àtijọ́ nípa ìlà àti igun. Láìmọ̀, ó ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ mìíràn tí kì í ṣe ti Euclid. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ yìí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: àwọn méjèèjì dojú kọ ìlú kan, ìlú mìíràn ni ẹsẹ̀ gbé wọn dé.

Ní ọdún 1687, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 16 lọ, Grandi wọ ẹgbẹ́ àwọn mónkì Camaldoli ní ìlú Ravenna. Romualdo Mímọ́ ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n sì pa ìgbé-ayé méjì pọ̀, nítorí pé àwọn kan ń dá gbé nínú aginjù fún àdúrà, àwọn mìíràn sì ń gbé pọ̀ nínú ilé kan, wọ́n ń ka ìwé, wọ́n sì ń kọ́ni. Grandi jẹ́ ti àwọn tí ń kàwé. Nígbà tí ó di ọdún 1694, a rán an lọ sí Florence láti kọ́ àwọn mónkì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ọgbọ́n orí, níbẹ̀ ni ìṣirò sì ti gbà á lọ́kàn pátápátá.

Ní ìlú náà nígbà náà, arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Vincenzo Viviani, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Galileo tìkára rẹ̀ nígbà èwe. Ní ọdún 1692, Viviani ti gbé àlọ́ kan kalẹ̀ fún gbogbo àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Yúróòpù: báwo ni a ó ti gé fèrèsé mẹ́rin sára òrùlé ribiti kan tí ìwọ̀n ìyókù òrùlé náà yóò fi ṣeé wọ̀n pátápátá? Ní ọdún 1699, Grandi tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìdáhùn àlọ́ náà hàn ní ẹsẹẹsẹ. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní ti inú ọgbà mónkì nìkan. Cosimo Kẹta ti ìdílé Medici, ẹni tí í ṣe Dúùkù Àgbà ilẹ̀ Tuscany, fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ọgbọ́n orí ní yunifásítì Pisa ní ọdún 1700. Ìlú Pisa yìí náà ni ilé-ìṣọ́ rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí gbogbo ayé ń lọ wò. Níbẹ̀ ni Grandi gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1703 ni ó tẹ ìwé tí ó fa gbogbo ariwo náà jáde. Ìwé náà dá lórí bí a ti ń wọn ààyè inú òbìrí àti ti àwọn ìlà tí ó tẹ̀. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbà ju ìlà kan lọ, òun sì ni ayé kò gbàgbé. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú. Ó padà sẹ́yìn ní ìdajì ìgbésẹ̀. Ó tún lọ síwájú ní ìdá mẹ́rin ìgbésẹ̀, ó padà sẹ́yìn ní ìdá mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lọ láìdáwọ́dúró, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Níbo ni yóò dé? Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kọ́kọ́ wà ní 1, lẹ́yìn náà ó wà ní 1/2, lẹ́yìn náà 3/4, lẹ́yìn náà 5/8, lẹ́yìn náà 11/16. Bí àkókò ti ń lọ, yíyí rẹ̀ ń kéré sí i, ó sì ń sún mọ́ ibì kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbésẹ̀ kan. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Ìlànà kan sì wà tí a fi lè mọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìdá tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni kí a fi kún 1, kí a sì fi àpapọ̀ náà pín 1. Bí ìdá náà bá jẹ́ ìdajì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀. Bí a bá sì fi ọ̀kan àti ààbọ̀ pín 1, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni a ó rí.

Nísinsìnyí, Grandi béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìgbésẹ̀ náà kò bá dínkù mọ́. Ọkùnrin náà lọ síwájú ní ìgbésẹ̀ kan, ó padà ní ìgbésẹ̀ kan, ó lọ, ó padà, títí ayé. Èyí ni àròpọ̀ náà:

1 − 1 + 1 − 1 + 1 − 1 ...

Grandi mú ìlànà tí a ti sọ lókè, ó sì lò ó níhìn-ín pẹ̀lú. Nítorí pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ odindi èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ó fi 1 kún 1, ó di 2. Ó fi 2 pín 1, ó di ìdajì. Nítorí náà ó ní ìdajì ni àròpọ̀ náà. Ẹ kíyè sí ohun tí ó pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀: ọkùnrin wa kò fi ìgbà kan tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìdajì ọ̀nà rí. Yálà ó wà ní ẹnu ọ̀nà, tàbí ó wà ní ìgbésẹ̀ kan síwájú. Síbẹ̀ ìṣirò mónkì náà sọ pé agbede-méjì ni ó wà.

Lẹ́yìn èyí, Grandi tún fi àkámọ́ so àwọn nọ́ńbà kan náà pọ̀ ní méjì méjì: (1 − 1) + (1 − 1) + (1 − 1), bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àkámọ́ náà jẹ́ òfo, nítorí náà àròpọ̀ náà jẹ́ òfo lórí òfo lórí òfo láìlópin. Bí àròpọ̀ kan náà bá sì jẹ́ ìdajì, a jẹ́ pé àwọn òfo tí kò lópin ti kóra jọ, wọ́n sì ti bí nǹkan. Níhìn-ín ni ọkàn mónkì náà ti fò sókè. Ó rí i bí àpẹẹrẹ pé kì í ṣe ohun tí kò bá ọgbọ́n mu pé kí Ọlọ́run dá ohun gbogbo láti inú àìsí.

Ẹ má ṣe yára fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọ̀rúndún yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbàgbọ́ bí ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn aláìmọ̀wé. Ìmọ̀ ìṣirò tuntun ti Leibniz àti Newton ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń ṣí àwọn ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí, Grandi sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ti Leibniz mọ ilẹ̀ Ítálì. Ọkùnrin tí ó ń wọ aṣọ mónkì, tí ó sì ń di irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kò ṣòro láti mọ ìlẹ̀kùn tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kò jìnnà. Ní Pisa kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan wà tí ń jẹ́ Alessandro Marchetti, ẹni tí ó ti tó ọmọ 70 ọdún nígbà náà. Marchetti yìí ni ó túmọ̀ ìwé ewì Lucretius sí èdè Ítálì, ìyẹn akéwì ará Róòmù ayé àtijọ́ tí ó kọ́ni pé kò sí ohun kan tí ó lè ti inú àìsí jáde. Dúùkù Àgbà kò gbà kí a tẹ ìtumọ̀ náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1717, lẹ́yìn tí Marchetti ti kú ní ọdún mẹ́ta. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: nínú yunifásítì kan ṣoṣo, ọ̀kan túmọ̀ ìwé tí ó ní àìsí kò lè bí nǹkan, èkejì sì ń fi ìṣirò hàn pé òfo ti bí ìdajì. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Marchetti ní kò sí bí òfo ti lè pọ̀ tó, kí ó di ohun kan. Grandi kì í sì í ṣe ẹni tí í dákẹ́ bí a bá fi kàn án.

Nígbà tí ó tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní ọdún 1710, ó fi òwe kan dá a lóhùn. Ó ní kí a wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí bàbá wọn fi òkúta iyebíye kan ṣoṣo sílẹ̀ fún, tí ó sì kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ tà á. Wọ́n bá pinnu pé yóò wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní ọdún kan, lọ́dọ̀ àbúrò ní ọdún kejì, kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí láé. Fún ẹ̀gbọ́n, òkúta náà ń wọlé, ó ń jáde, ó ń wọlé, ó ń jáde. Síbẹ̀ ta ni kò mọ̀ pé ìdajì ogún náà ni ó jẹ́ ti ìdílé kọ̀ọ̀kan?

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn ẹbí jókòó rí níbi tí a ti ń pín ogún mọ̀ pé òwe yìí dùn létí. Ó sì ní òtítọ́ nínú, bí a ó ti rí i níwájú. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Ìdajì àkókò ni òkúta náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí rẹ̀ tí ó bá ìdajì òkúta níbẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bàbá wọn ni ó fi òkúta náà sílẹ̀. Kò sí nínú òwe náà pé inú àpótí òfo ni ó ti hù jáde.

Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Leibniz tìkára rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1713 ni a tẹ èrò rẹ̀ jáde nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí Christian Wolff. Ó gbà pẹ̀lú Grandi pé ìdajì ni, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tirẹ̀. Bí a bá dúró lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan tàbí mẹ́ta tàbí márùn-ún, 1 ni a ó bá. Bí a bá dúró lẹ́yìn méjì tàbí mẹ́rin, òfo ni. Nígbà tí ìgbésẹ̀ náà kò bá lópin, kò sí ìdí tí a ó fi yan ọ̀kan ju èkejì lọ, nítorí náà àárín méjèèjì ni ó tọ́. Òun tìkára rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ ọgbọ́n orí ju ìṣirò lọ. Ṣùgbọ́n nípa ìṣẹ̀dá ayé, kò tẹ̀lé mónkì náà: bí a bá tilẹ̀ tún òfo sọ láìlópin, òfo náà ni. Ohun tí ó tún ń pa ni lẹ́rìn-ín ni pé Leibniz pẹ̀lú ti ní irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1697 ó ti kọ̀wé sí Dúùkù kan pé bí a ti lè fi 1 àti òfo nìkan kọ gbogbo nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run fi ara Rẹ̀ nìkan dá ohun gbogbo láti inú àìsí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nínú àpẹẹrẹ ti Leibniz, 1 wà níbẹ̀ kí òfo tó ní ìwúlò.

Kì í ṣe ìjà nìkan ni Grandi fi ayé rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1707 ó di onímọ̀ ìṣirò fún Dúùkù Àgbà. Ní ọdún 1709 a yàn án sínú ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Marchetti sì kú ní ọdún 1714, Grandi ni a fi sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Pisa. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí àkójọ àwọn ìwé Galileo tí a tẹ̀ ní Florence ní ọdún 1718. Ilé-ẹjọ́ Ìjọ ti dá Galileo lẹ́bi ní ọdún 1633, ìwé tí ó fà á kò sì sí nínú àkójọ náà. Ṣùgbọ́n mónkì wa kò tijú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlàyé sí iṣẹ́ ọ̀gá náà.

Nínú àlàyé yẹn ni ó ti fún ìlà títẹ̀ kan ní orúkọ tí ó fà láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún yíyí. Ní èdè Ítálì, orúkọ náà ni versiera. Ní ọdún 1748, Maria Gaetana Agnesi ti ìlú Milan, obìnrin olùfọkànsìn tí ó fi apá tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn tálákà, lo orúkọ náà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jọ èyí tí àwọn ará Ítálì ń pe abo èṣù. Nígbà tí ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, John Colson, ń túmọ̀ ìwé náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjẹ́ ni. Láti ìgbà tí a ti tẹ ìtumọ̀ náà ní ọdún 1801 títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìlà aláìṣẹ̀ náà ní àjẹ́ Agnesi. Báyìí ni mónkì kan sọ nǹkan lórúkọ, tí obìnrin mímọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé, tí ìparí rẹ̀ sì di àjẹ́.

Ó tún ya àwọn ìlà kan tí ó rí bí òdòdó rósì, tí ìṣirò nìkan fi pinnu iye ewé òdòdó tí yóò ní. Ìwé tí ó kọ lórí wọn jáde ní ọdún 1728. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Tuscany nígbà náà pé kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, kì í ṣe òdòdó wọ̀nyí, kì í sì í ṣe àròpọ̀ aláìlópin. Omi ni. Ó jẹ́ alábòójútó àwọn omi ilẹ̀ náà. A béèrè ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí irà àfonífojì Chiana àti lórí àbàtà Pontine nítòsí Róòmù, àti lórí ìjà tí ó wà láàárín ìlú Bologna àti Ferrara nítorí odò Reno. Níbi iṣẹ́ yìí, kò sí àyè fún àwàdà àkámọ́. Bí omi bá ya wọ oko ènìyàn, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà to àkámọ́ tí yóò fi gbẹ.

Grandi kú ní Pisa ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1742, ní ẹni 70 ọdún. Àròpọ̀ rẹ̀ kò bá a kú. Euler ńlá pẹ̀lú gbà pé ìdajì ni. Ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀rúndún náà, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Callet fi hàn pé bí a bá gba ọ̀nà mìíràn tí ó jọ ti Grandi, àwọn nọ́ńbà kan náà lè mú ìdá méjì nínú mẹ́ta jáde. Nísinsìnyí òfo ti wà, 1 ti wà, ìdajì ti wà, ìdá méjì nínú mẹ́ta sì tún dé. Ẹlẹ́rìí tí ó ń sọ ohun tí olúkúlùkù fẹ́ gbọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́.

Ẹni tí ó fi òpin sí àríyànjiyàn náà ni Augustin Cauchy, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tòótọ́ tí gbogbo Páríìsì mọ̀ fún ìfọkànsìn rẹ̀. Ní ọdún 1821 ó gbé òfin kalẹ̀ pé àròpọ̀ aláìlópin tí àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò bá sún mọ́ ibì kan ṣoṣo kò ní àpapọ̀ kankan rárá. Ọkùnrin tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kò dé ibì kankan. Ẹni tí ó bá sì ní ó ti dé, irọ́ ni ó pa. Ní ọdún 1826, Niels Abel, ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Norway, kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí olùkọ́ rẹ̀ pé èṣù ni ó hùmọ̀ irú àwọn àròpọ̀ wọ̀nyí, ìtìjú sì ni kí a gbé ẹ̀rí kankan kà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kò pin síbẹ̀. Ní ọdún 1890, Ernesto Cesàro, ará Ítálì bíi Grandi, rí ọ̀nà òtítọ́ tí a lè gbà sọ pé ìdajì ni, láìtan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ní kí a má ṣe béèrè ibi tí ọkùnrin náà dé, nítorí pé kò dé ibì kankan. Kí a béèrè ibi tí ó wà bí a bá kó gbogbo ibi tí ó ti dúró jọ tí a sì pín in dọ́gba. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, 1 ni. Lẹ́yìn méjì, 1/2. Lẹ́yìn mẹ́ta, 2/3. Lẹ́yìn mẹ́rin, 1/2. Lẹ́yìn márùn-ún, 3/5. Ó sì ń sún mọ́ ìdajì lọ. Òwe òkúta iyebíye náà gan-an ni èyí. Grandi ti di òtítọ́ mú ní etí aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè é.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí a mú lọ sí ilé? Ohun tí Grandi fẹ́ fi hàn jẹ́ òtítọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni a ń jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, pé Ọlọ́run Baba ni Ẹlẹ́dàá ohun gbogbo. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gbé òpó tí kò lágbára sí abẹ́ òrùlé tí ó lágbára. Àwọn bàbá wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tọ́máàsì Mímọ́ ti Aquino ti kìlọ̀ nípa irú èyí ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú Grandi. Ó kọ́ni pé nípa ìgbàgbọ́ ni a fi mọ̀ pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nípa ẹ̀rí ọgbọ́n orí. Ó sì ní kí a ṣọ́ra kí a má ṣe mú ẹ̀rí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá, kí àwọn aláìgbàgbọ́ má baà fi wá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì rò pé nítorí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni a fi gbàgbọ́.

Mo mọ̀ pé irú àṣìṣe yìí kò jìnnà sí wa. A máa ń gbọ́ ìtàn iṣẹ́ ìyanu tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, a sì máa ń tún un sọ nítorí pé ó gbe ohun tí a gbàgbọ́ lẹ́sẹ̀. Èmi pẹ̀lú ti sọ irú rẹ̀ rí lórí àga ìwàásù, mo sì ti kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a fi ẹ̀rí jíjẹrà tì lẹ́yìn nígbà èwe, ní ọjọ́ tí ẹ̀rí náà bá wó, yóò rò pé ìgbàgbọ́ ni ó wó.

Ohun kejì ni pé ìṣẹ̀dá kì í ṣe òfo tí ó pọ̀ títí tí ó fi di nǹkan. Nínú àròpọ̀ mónkì náà, kò sí ẹni tí ń dá. Òfo nìkan ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí àròpọ̀ náà bá tilẹ̀ jóòótọ́, kì bá ti fi Ẹlẹ́dàá hàn. Ì bá fi hàn pé a kò nílò Rẹ̀. Mo rò pé èyí ni ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà, Grandi kò sì fura.

Síbẹ̀ n kò lè kórìíra ọkùnrin yìí. Ó béèrè ìbéèrè kan ní gbangba, ó sì jẹ́ kí ayé bá òun jiyàn lórí rẹ̀. Nítorí àṣìṣe rẹ̀, àwọn tí ó tẹ̀lé e wá mọ ohun tí àròpọ̀ aláìlópin jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́.

Mo dá ìwé pélébé náà padà fún ọmọ wa. Mo fi yé e pé orí ìlà kẹta ni àṣìṣe náà wà, níbi tí ó ti ṣí àwọn àkámọ́ nípò. Bí ìgbésẹ̀ bá ń sún mọ́ ibì kan ṣoṣo, a lè ṣí àkámọ́ nípò, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí kò bá sún mọ́ ibì kan, àkámọ́ ni yóò pinnu ìdáhùn, kì í ṣe òtítọ́. Mo sì sọ fún un pé kí ó má ṣe dẹ́kun láti máa mú irú pàkúté bẹ́ẹ̀ wá fún mi. Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ ìjọ yìí máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìmúra, kí wọ́n sì máa béèrè, ju kí wọ́n gbà gbogbo ohun tí Fada bá sọ kí wọ́n sì lọ máa ṣiyèméjì ní ìkọ̀kọ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó dá wa láti inú àìsí fún wa ní ìfẹ́ òtítọ́, àní nígbà tí irọ́ bá ń gbèjà ohun tí a fẹ́ràn. Àmín.